Iyọ̀ Kì í Kú: Bí Áyọ́ọ̀nù Ṣe Ń La Awọ Kọjá, àti Bó Ṣe Kan Omi Wa láti Lẹ́kí dé Àjá

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìpàdé wa yìí kọ̀wé sí mi, wọ́n ní omi ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo bi wọ́n pé omi wo. Wọ́n ní omi tó ń pọ́n nínú táńkì, tó ń níyọ̀ lẹ́nu, tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tí olúkúlùkù sì ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá láti fi tọ́jú. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni pé èwo nínú àwọn ẹ̀rọ náà ló ń pa iyọ̀.

Ìdáhùn mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá: kò sí ọ̀kankan. Iyọ̀ kì í kú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹ̀rọ omi tó dára jù lọ láyé kò lè ṣe ju pé kó ti iyọ̀ sí apá kan, kó sì fi omi sí apá kejì. Tí a bá mọ bí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ iyọ̀ tó tú ká sínú omi, ṣe ń la awọ kọjá, a ó mọ ẹ̀rọ tó yẹ ká rà. A ó sì mọ ìbéèrè kejì tí ẹnikẹ́ni kì í bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún wa: níbo ni iyọ̀ tí a yọ ń gbà lọ?

Omi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa

Òkun Atlantic wà ní gúúsù wa, ọ̀sà wà ní àríwá, síbẹ̀ àwọn mẹ́rúwà ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti nǹkan bí ọdún 1910 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi Ìjù fún ará Èkó, Adíyàn sì wá kún un lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìhà ibẹ̀ yẹn jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ ilé láti Lẹ́kí dé Àjá kò sì rí páìpù ìjọba rí. Ilẹ̀ la yíjú sí. Ilé kan, kànga ẹ̀rọ kan.

Irú ilẹ̀ wo wá ni? Iyanrìn ni. Irà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó kó iyanrìn dí i. Òjò tó bá rọ̀ sórí iyanrìn yìí á rì wọlé, á sì léfòó sórí omi iyọ̀ tó wá láti òkun, nítorí pé omi iyọ̀ wúwo ju omi òjò lọ. Badon Ghijben, ará Netherlands, àti Herzberg, ará Jámánì, ló ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní bíi ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé níbi tí omi dídùn bá ti fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, ó máa ń jìn tó nǹkan bí mítà 40 sísàlẹ̀ kó tó kan omi iyọ̀. Ẹ wá yí ìṣirò náà padà. Tí a bá fa omi dídùn títí ojú rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní mítà 1 péré, omi iyọ̀ lè fi mítà 40 gòkè wá bá a bó pẹ́ bó yá. Òkun kò ní láti kún kó tó wọ kànga wa.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Oteri àti Atolagbe kọ ìwé lórí iyọ̀ òkun nínú omi abẹ́ ilẹ̀ etíkun Nàìjíríà fún àpérò kan tó wáyé ní Mexico lọ́dún 2003. Ohun tó sì ń dààmú àwọn agbẹ́kànga níhìn-ín ni pé ìpele ìpele ni ilẹ̀ wa. Omi òkè lè dùn, kí ti àárín níyọ̀, kí èyí tó jìn gan-an tún dùn, nítorí pé amọ̀ là wọ́n láàárín. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga jíjìn, tí kò sì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù rẹ̀ dáadáa, ó ti la ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti ṣàn lọ ba omi dídùn ìsàlẹ̀ jẹ́, tirẹ̀ àti ti aládùúgbò.

Yàtọ̀ sí iyọ̀, irin náà wà nínú omi wa. Omi á mọ́ gaara bó ṣe ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde. Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kejì nínú báàfù, á ti pọ́n, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti kan irin inú rẹ̀, irin náà sì ti dógùn-ún. Irin tó ń ba aṣọ funfun jẹ́ yàtọ̀ sí iyọ̀ tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Ohun tó ń mú ọ̀kan kúrò kì í sábà mú ìkejì kúrò, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣòfò.

Òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní 2007, sọ pé irin kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà 1, kiloráìdì, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì tó para pọ̀ di iyọ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 250 lọ. Omi òkun ní nǹkan bí 19,000. Ìyẹn ni pé tí ife omi òkun 1 bá dà pọ̀ mọ́ ife omi 75 tí kò níyọ̀ rárá, gbogbo rẹ̀ ti kan ẹnu ààlà. Díẹ̀ ló ń ba púpọ̀ jẹ́.

Ìtànká: ìrìn tí ẹnikẹ́ni kò rán

Tí ẹ bá da iyọ̀ sínú omi, kò parẹ́. Ó tú ká ni. Sódíọ̀mù yà lọ pẹ̀lú iná pọ́sítíìfù lára rẹ̀, kiloráìdì yà lọ pẹ̀lú iná nẹ́gétíìfù. Átọ̀mù tàbí ìdìpọ̀ átọ̀mù tó bá gbé iná báyìí là ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Ti ṣúgà yàtọ̀: mólékù rẹ̀ kì í gbé irú iná bẹ́ẹ̀, odindi ló sì ń rìn nínú omi.

Gbogbo wọn, áyọ́ọ̀nù àti mólékù, kì í sinmi. Wọ́n ń fara gbá ara wọn kiri láìní ibi kan pàtó lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti pọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kúrò, ibi tí wọn kò ti pọ̀ ni díẹ̀ ti ń kúrò. Nígbà tí a bá ṣírò àlọ àti àbọ̀, ibi tó pọ̀ ló ń dínkù, ibi tó ṣófo ló ń kún. Ìyẹn ni ìtànká. Thomas Graham, ará Scotland, kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n nínú gáàsì ní 1833. Ní 1855, oníṣègùn ará Jámánì kan, Adolf Fick, fi ìṣirò dè é: bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjì bá ṣe pọ̀ tó ni ìtànká ṣe máa yá tó, bí ohun tó là wọ́n láàárín bá sì ṣe nípọn tó ni yóò ṣe falẹ̀ tó.

Òfin yìí ló ń gba ẹ̀mí là nílé ìwòsàn. Lọ́dún 1943, nígbà tí ogun ń jà, Willem Kolff ní Netherlands mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì, ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdọ̀tí tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tàn ká gba inú ọ̀rá náà bọ́ sínú omi tó yí i ká. Ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nílé ìwòsàn l'Ékòó lónìí ti dára ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òfin Fick náà ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìrìn yìí ṣe yá tó. Nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́, sódíọ̀mù á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4 rin ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Sẹ̀ǹtímítà 1 á gbà á ní nǹkan bí wákàtí 10. Mítà 1 á gbà á ní nǹkan bí ọdún 12. Mítà 10 ńkọ́? Ọdún 1,200. Ìgbàkígbà tí ọ̀nà bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àkókò á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe awọ fi ń sapá kó fẹ́lẹ́. Èkejì ló kàn wá jù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìtànká nìkan ni iyọ̀ òkun ń bá bọ̀, àwọn ọmọ ọmọ wa ìbá ti darúgbó kó tó dé ẹ̀yìnkùlé. Iyọ̀ tó ti wọ kànga wa kò dá wá. Ẹ̀rọ ìfami wa ló fà á wá.

Awọ tó ní iná lára

Mo dé orí awọ fúnra rẹ̀ wàyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí asẹ́ ògì ló ṣe rí, pé ihò rẹ̀ ló kéré ju iyọ̀ lọ. Fún awọ tó ń pààrọ̀ áyọ́ọ̀nù, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú omi, mólékù omi máa ń rọ̀gbà yí sódíọ̀mù àti kiloráìdì ká, títóbi àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ihò tó gba ọ̀kan láyè á gba ìkejì. Síbẹ̀ awọ kan wà tó ń jẹ́ kí sódíọ̀mù kọjá, tí kì í jẹ́ kí kiloráìdì kọjá. Ọgbọ́n wo ló dá?

Ẹ wo ẹnu géètì ẹ́sítéètì tí ẹ bá jáde lónìí. Géètì náà fẹ̀ tó fún ọkọ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kì í wo títóbi ọkọ̀ kó tó ṣí i. Nọ́ńbà tí onílé fi ránṣẹ́ sí àlejò ló ń bi í. Bẹ́ẹ̀ ni awọ yìí ṣe rí. Ike tín-ín-rín tó ń mu omi ni, tí wọ́n so àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Nínú irú kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà gbé iná nẹ́gétíìfù: sọ́fà, ìyẹn imí ọjọ́, àti ọ́síjìn ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọn kò sì lè kúrò lójú kan. Iná tó jọra máa ń ti ara wọn, èyí tó yàtọ̀ máa ń fa ara wọn. Nítorí náà sódíọ̀mù tó jẹ́ pọ́sítíìfù á wọlé, kiloráìdì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù á dúró síta. Nínú irú awọ kejì, pọ́sítíìfù ni àwọn ẹ̀ṣọ́, kiloráìdì ni wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn fún.

Ọ̀rọ̀ géètì yìí ṣì ku ibi méjì. Tí èrò bá pọ̀ jù lẹ́nu géètì, apá ẹ̀ṣọ́ kò ní ká wọn mọ́, àwọn tí kò ní nọ́ńbà á sì bá wọn wọlé. Frederick Donnan ló ṣàlàyé èyí ní 1911: nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, awọ máa ń yan áyọ́ọ̀nù dáadáa, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èyí tí kò yẹ á máa yọ́ wọlé. Ibì kejì ni pé ẹni tí kò gbé iná rárá, bíi ṣúgà, ọtí tàbí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò, ẹ̀ṣọ́ kò ní ohun tó fẹ́ dá a mọ̀. Títóbi rẹ̀ nìkan ló lè dá a dúró, bó bá kéré, á kọjá.

Ohun mìíràn tún wà: awọ kì í jẹ́ kí iná pọ́sítíìfù ju nẹ́gétíìfù lọ nínú ara rẹ̀. Sódíọ̀mù kan kò lè wọlé láìjẹ́ pé pọ́sítíìfù mìíràn jáde lápá kejì, tàbí kí nẹ́gétíìfù kan tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ìpààrọ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó wà láàárín wa, inú ilẹ̀ oko ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Lọ́dún 1850, Thompson àti Way ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da omi tí wọ́n fi ajílẹ̀ amóníà sí sórí iyẹ̀pẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ di amóníà mú, ó sì tú kálísíọ̀mù sílẹ̀ dípò rẹ̀.

Ohun mẹ́ta tó ń ti áyọ́ọ̀nù

Nernst àti Planck, àwọn onímọ̀ Jámánì méjì, ni ìṣirò tí a ṣì ń lò títí dòní ń jẹ́ orúkọ wọn, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ìkíní ni ìyàtọ̀ iyọ̀ láàárín apá méjì, ìyẹn ìtànká. Ìkejì ni iná mànàmáná: ojú pọ́sítíìfù bátìrì ń fa kiloráìdì, ojú nẹ́gétíìfù ń fa sódíọ̀mù. Ìkẹta ni omi tó ń ṣàn, tó ń gbé ohun gbogbo lọ.

Nínú awọ, ìrìn áyọ́ọ̀nù máa ń falẹ̀ ju ti inú omi gbangba lọ, nígbà mìíràn kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ, áyọ́ọ̀nù sì ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Ẹyọ kan ló yàtọ̀, áyọ́ọ̀nù háídrójìn. Òun kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jálẹ̀. Mólékù omi kan á gbà á, á sì fi òmíràn lé èkejì lọ́wọ́. Nítorí èyí, nínú omi ó yá tó ìlọ́po méje sódíọ̀mù. Orí ìyẹn ni awọ Nafion, tí Walther Grot ṣe ní iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1960, fi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń fi háídrójìn pèsè iná.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbí. Ìtànká nìkan kò lè yọ iyọ̀ nínú omi wa, nítorí ọ̀dọ̀ ibi tí iyọ̀ kò pọ̀ ló ń darí sí, ibẹ̀ sì ni omi mímọ́ wà. Tí a bá fẹ́ kí iyọ̀ kúrò nínú omi tó mọ́ lọ sínú omi tó ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀, a ó tì í lòdì sí ìfẹ́ rẹ̀, a ó sì sanwó ìtì náà. Fún omi òkun, agbára tí ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ ń bèèrè, bí a bá fẹ́ gba ìdajì omi náà, jẹ́ nǹkan bíi yúnítì iná 1 fún lítà 1,000. Ẹ̀rọ tó dára lónìí ń lo nǹkan bíi 3 sí 4. Kò sí oníṣòwò tó lè tà á lọ́fẹ̀ẹ́ fún wa.

Ẹ̀rọ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìmọ̀ yìí dé ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ.

Àkọ́kọ́ ni sọ́fúnà, èyí tí ẹ máa ń rí àpò iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún résìn wẹ́wẹ́ tó gbé ẹ̀ṣọ́ nẹ́gétíìfù. Adams àti Holmes ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ ènìyàn ṣe irú résìn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Tí omi bá gba ibẹ̀ kọjá, résìn á di kálísíọ̀mù tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó mú, á sì fi sódíọ̀mù méjì rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ọṣẹ á hó, èérí funfun kò ní gbá ìdí kẹ́tùlù mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: sọ́fúnà kì í yọ iyọ̀. Sódíọ̀mù ló ń fi kún omi, kiloráìdì kò sì dín rárá. Ẹni tí omi rẹ̀ ń níyọ̀ lẹ́nu, tó lọ ra sọ́fúnà, oògùn orí ló fi ń wo ẹsẹ̀. Tí irin bá sì pọ̀ nínú omi náà, á bo résìn lójú, á sọ ọ́ di aláìwúlò. Kí omi tó dé ọ̀dọ̀ résìn, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí i kí irin dógùn-ún, kí iyanrìn sì sẹ́ ìdógùn-ún náà kúrò.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní electrodialysis. Wọ́n á to awọ irú kìíní àti irú kejì tẹ̀ léra wọn, ọ̀pọ̀ ìlọ́po, wọ́n á jẹ́ kí omi gba àárín wọn kọjá, wọ́n á sì fi iná sí i láti ìpẹ̀kun méjèèjì. Sódíọ̀mù á gba awọ tirẹ̀ lọ sápá kan, kiloráìdì á gba tirẹ̀ lọ sápá kejì. Ní àlàfo kan omi á máa dùn, ní àlàfo tó tẹ̀ lé e iyọ̀ á máa ki. Ó dára fún omi tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kànga wa. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù nìkan ló ń mú jáde. Kòkòrò àrùn àti oògùn apakòkòrò tí kò gbé iná á dúró síbi tí wọ́n wà nínú omi náà.

Ẹ̀kẹta ni RO (reverse osmosis), tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ń lò. Ìyẹn kì í pààrọ̀ áyọ́ọ̀nù. Omi ni wọ́n ń fi agbára tì gba inú awọ, tí iyọ̀ á sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Loeb àti Sourirajan ló ṣe awọ àkọ́kọ́ tó wúlò fún un ní California ní nǹkan bí 1960. Ó ń dá iyọ̀ àti kòkòrò dúró pọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìtì tó lágbára, ó sì máa ń da omi nù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré inú ilé ń da lítà 3 nù kó tó fún wa ní lítà 1.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ gbé omi rẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò, kó mọ iye irin, iye kálísíọ̀mù, iye kiloráìdì. Babaláwo pàápàá kì í sọ ẹbọ kó tó dá Ifá.

Ìlú tí rélùwéè ń pọnmi fún

Àwa kọ́ ni àkọ́kọ́ tí irú èyí máa dé bá. Ìlú kékeré kan wà ní California tó ń jẹ́ Coalinga. Omi kànga wọn korò fún iyọ̀ débi pé rélùwéè ló ń gbé omi mímu wá fún wọn, bí ọkọ̀ táńkà ṣe ń gbé e wá fún wa. Ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, Walter Juda àti Wayne McRae ti ṣe awọ ìpààrọ̀ tó ṣe é gbára lé ní 1950, iléeṣẹ́ wọn sì ń jẹ́ Ionics. Nígbà tó fi máa di 1959, electrodialysis ti ń pèsè omi mímu fún Coalinga. Ní 1965, ìlú yẹn kan náà ni wọ́n tún gbé awọ RO Loeb lọ dán wò. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá la ipa odò àtọwọ́dá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ ká rí ni pé ti ìlú ni awọ náà. Wọn kò fi sí ọgọ́rùn-ún ilé, kí ọgọ́rùn-ún ilé máa da omi iyọ̀ sí ọgọ́rùn-ún gọ́tà. Ibì kan ni wọ́n ti ń ṣe é, ibì kan ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ti ń ṣọ́ ọ, ibì kan sì ni iyọ̀ ń gbà jáde.

Japan wá fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, irú awọ yìí ni wọ́n ń fi ṣe iyọ̀ jíjẹ láti inú omi òkun. Omi iyọ̀ kíki inú àlàfo tí àwa fẹ́ dà nù gan-an ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n sì ń sè gbẹ. Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ìmọ̀ àjèjì ni. Ní Djègbadji lẹ́bàá Ouidah, ní Benin, àwọn obìnrin ń ro omi gba inú erùpẹ̀ oníyọ̀ etí ọ̀sà, wọ́n ń gbé e kaná, wọ́n ń tà á lọ́jà. Ohun tí ẹnì kan ń jù nù ni ìjẹ ẹlòmíràn.

Níbo ni iyọ̀ ń gbà lọ?

Mo padà sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi RO ilé kan ṣe ìṣirò. Ká ní kànga náà ní gíráàmù iyọ̀ 1 nínú lítà 1. Lítà 4 wọ inú ẹ̀rọ, gíráàmù 4 bá a wọlé. Lítà 1 jáde ní mímọ́ gaara. Lítà 3 tó kù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo gíráàmù 4 náà dání, ó ti wá di gíráàmù 1.33 nínú lítà 1. A mu ìkan, a da mẹ́ta sí sọ́kàwéè. Sọ́kàwéè ń jò sínú iyanrìn, iyanrìn ń jò sínú omi tí kànga wa ń fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni sọ́fúnà: kiloráìdì inú àpò iyọ̀ tí a dà sínú rẹ̀ ní oṣù yìí, gọ́tà ló gbà lọ pátá, pẹ̀lú kálísíọ̀mù tó fọ̀ kúrò lára résìn.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ omi, aládùúgbò náà leérú ń tọ̀. Ilé A ń fa omi, ó ń pe òkun sókè. Ó ń yọ iyọ̀, ó ń dà á sílẹ̀ padà. Kànga ilé B bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀, ó ra ẹ̀rọ tó lágbára jù, ó tún ń fa omi púpọ̀ sí i nítorí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ń dànù. Ilé D ti wà lórí ìlà. Kò sí ẹnì kan tó ṣe ibi nínú wọn. Àpapọ̀ ohun tí gbogbo wọn ṣe ló bí iṣòro náà.

Ohun tó kù sí ọwọ́ wa

Mo mú àbá mẹ́rin wá. Ìkíní, kí ẹgbẹ́ onílé kọ̀ọ̀kan máa yẹ omi àwọn kànga rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà ẹ̀rùn àti nígbà òjò, kí wọ́n sì kọ iye kiloráìdì sílẹ̀. Ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀ máa ń níyọ̀ sí i nígbà ẹ̀rùn, òjò sì máa ń fọ̀ ọ́. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí òkun ń bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ àwọn ọmọ yín nìyí.

Ìkejì, kí ẹ́sítéètì para pọ̀ ṣe ẹ̀rọ ìtọ́jú omi kan ṣoṣo, dípò ogójì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀rọ ńlá ń gba ìdá omi tó pọ̀ jù, ó ń lo iná tó kéré jù fún lítà kọ̀ọ̀kan, a sì lè dá onímọ̀ kan sí ìdí rẹ̀.

Ìkẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi iyọ̀ sí sọ́kàwéè mọ́. Kí ìjọba àti àwa jọ wá ojú ọ̀nà tí yóò gbà dé ibi tí iyọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n tí kò ní pa ẹja. Kí a sì máa gbe omi òjò. Ẹni da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù: òjò tí a jẹ́ kó rì sínú iyanrìn, dípò ká fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ilẹ̀, òun ló ń ti òkun padà láìgba kọ́bọ̀.

Ìkẹrin, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé mú wa gbàgbé páìpù tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Coalinga kò torí pé ó ní awọ kó má bèèrè odò. Kí a máa bèèrè tiwa lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ní ìṣọ̀kan, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò omi wa lọ́wọ́ bí ẹ̀rí.